"Olúwa, èmi ni bí?": bí a ṣe máa ń ṣi ẹsẹ yìí kà

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé a máa ń ka Mátíù 26:20–25 bí ẹni ń wá olè. Jésù jókòó ti oúnjẹ Ìrékọjá pẹ̀lú àwọn méjìlá, ó ní ọ̀kan nínú wọn yóò fi òun hàn. Àwa ti yára sọ pé ẹni tó bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ, a sì pa Bíbélì dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á dé. Nínú ìtàn Mátíù, kò sẹ́ni tó nàka sí ẹnì kejì rẹ̀. Inú wọn bàjẹ́, oníkálukú sì ń bi í pé, "Olúwa, èmi ni bí?" Bí wọ́n ṣe gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ ní èdè Gíríìkì, "rárá o" ni wọ́n ń retí. Síbẹ̀, wọ́n béèrè.

Lọ́jọ́bọ̀ Mímọ́ kan, wọ́n ń ka ibí yìí lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ojú mi lọ sára arábìnrin kan tó kó owó àjọ wa jẹ. Gèlè rẹ̀ aláwọ̀ aró ni mò ń wò láti ẹ̀yìn. Mo ní, ọ̀rọ̀ rẹ ni wọ́n ń kà yẹn. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo tú àṣírí ọ̀rẹ́ mi fún àwọn tí kò yẹ kó gbọ́. Ẹ má fi ẹsẹ yìí gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tú Júdásì inú ilé yín fó.

Ẹ má sì rò pé ojú Júdásì le ju ti àwọn tó kù lọ. Jésù fọ ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà. Òun ló ń gbé àpò owó, nígbà tó sì jáde lóru yẹn, Jòhánù 13 ní àwọn kan rò pé ó fẹ́ lọ ra nǹkan àjọ̀dún ni, tàbí kó fún àwọn tálákà ní nǹkan. Ní ti Lúùkù, wọn ò tíì bi ara wọn léèrè tán ta ni yóò ṣe é, ni àríyànjiyàn ta ló tóbi jù bẹ́ sílẹ̀. Ìyẹn máa ń bà mí lẹ́rù ju ọgbọ̀n owó fàdákà lọ.

Àwọn kan a ní "Rábì", ìyẹn olùkọ́, ni Júdásì pe Jésù, kì í ṣe "Olúwa". Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Pétérù tó ń pè é ní Olúwa sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí àkùkọ tó kọ.

Àṣìṣe kan tó kù, àwọn olóòótọ́ ọkàn ló sábà máa ń ṣe é: wọ́n á yẹ ara wọn wò, wọ́n á rí àbùkù, wọ́n á sì sá fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ẹ tún 1 Kọ́ríńtì 11:28 kà. Kí ènìyàn wádìí ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kó sì jẹ. Pọ́ọ̀lù ò ní kó wádìí kó wá máa lọ. Júdásì kábàámọ̀, ó dá owó padà, àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn olórí àlùfáà ló gbé e lọ. Pétérù sunkún kíkorò, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé Olúwa ló dúró létí òkun, ó bẹ́ sómi láti lọ bá a.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi nílé. Ó ti gbọ́ kí n tó dé. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán, kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Àjíǹde, mo jáde síwájú pẹpẹ, mo jẹ, mo sì mu.