Wíwá sàréè ṣọ́jà ní Kàdúná nígbà tí wọ́n ti apá kan itẹ́ òkú pa fún àtúnṣe

Tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ti apá kan itẹ́ òkú àwọn ológun pa fún àtúnṣe, ẹ má tíì sọ pé ìrìn àjò ti bàjẹ́. Èyí tí mo lọ ní Kàdúná, wọ́n ti fi irin àti àwọ̀n pààlà sí i láàárín, nǹkan bí ìdajì ló ṣẹ́ kù fún àlejò. Orúkọ ṣọ́jà méjì ni mo bá lọ: ọ̀kan bọ́ sí apá tó ṣí, èkejì bọ́ sí ẹ̀yìn àwọ̀n. Mo rí fọ́tò òkúta sàréè àwọn méjèèjì mú bọ̀. Ilé ni mo ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, lórí fóònù, kí n tó wọ ọkọ̀ rárá.

Àjọ tó ń tọ́jú irú sàréè bẹ́ẹ̀ ni Commonwealth War Graves Commission, tí wọ́n ń pè ní CWGC. Ọdún 1917 ni wọ́n dá a sílẹ̀, “Imperial” ló sì wà níwájú orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ìwé orúkọ wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun síbẹ̀, ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n fi ṣe ààlà. Ẹni tó kú láàárín 4 Oṣù Kẹjọ 1914 sí 31 Oṣù Kẹjọ 1921 ni wọ́n kà mọ́ ogun àkọ́kọ́. Ti ogun Hítílà bẹ̀rẹ̀ láti 3 Oṣù Kẹsàn-án 1939, ó parí sí 31 Oṣù Kejìlá 1947. Ṣọ́jà tó ti Bọ́ọ̀mà dé láyọ̀, tó bímọ, tó wá kú ní 1960, kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 lọ náà kò sí níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ológun orílẹ̀-èdè wa ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tìyẹn.

Orúkọ gan-an ló ń há àwọn èèyàn lọ́rùn. Ẹ gbàgbé orúkọ ìdílé tí ẹ ń jẹ́ lónìí. Nínú West African Frontier Force, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Lugard kó jọ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Lọ́kọ́ja sì jẹ́ ibùdó rẹ̀, ìlú tí èèyàn ti wá ni akọ̀wé sábà máa ń lẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀. Àjàyí láti Ìlọrin á di Ajayi Ilorin, Sùlé láti Ọ̀fà á di Sule Offa. Nítorí náà, níbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ kọ orúkọ ìdílé, orúkọ ìlú ni kí ẹ kọ, kí ẹ wá kọ orúkọ àbísọ sí àyè kejì. Tí kò bá jáde, ẹ yí wọn padà, torí akọ̀wé míì kọ ọ́ sódì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi etí Òyìnbó gbọ́ orúkọ náà. Kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́ ẹ tàbí ọ. Èdè Haúsá ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun yẹn, nítorí náà orúkọ Yorùbá míì ti gba ẹnu Haúsá kọjá kó tó dé abẹ́ kálàmù Òyìnbó. Ẹ gbìyànjú Illorin tó ní l méjì. Ẹ gbìyànjú Ogbomosho àti Ogbomoso, Oshogbo àti Osogbo, Shaki àti Saki. Ìbúràímọ̀ lè jẹ́ Buraimoh, ó lè jẹ́ Ibrahim. Ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Mọ̀ọ́mọ́ lè wà níbẹ̀ bíi Momo tàbí Mohammed. Òjó tó wá láti Ìbàdàn kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Nọ́ńbà iṣẹ́ ológun ló máa ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Tí mẹ́dàlì ogun àkọ́kọ́ bá wà nílé, ẹ wo etí rẹ̀ yí po, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fín nọ́ńbà àti orúkọ sí. Ti ogun Hítílà kì í sábà ní in, ẹ má fi ìyẹn dara yín láàmú.

Tí orúkọ bá jáde, ẹ ka ibi tí wọ́n kọ pé ó wà dáadáa. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà nínú ẹgbẹ́ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jà ní Bọ́ọ̀mà, ẹni tó bá kú síbẹ̀ tí kò ní sàréè kan pàtó, ara òpó Rangoon Memorial ní Taukkyan ni orúkọ rẹ̀ wà, láàárín orúkọ bíi 27,000. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi Kàdúná ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kú sílé níhìn-ín, ní ọsibítù, ní bárékè, nínú ìjàǹbá, ni ẹ máa rí ní àwọn itẹ́ òkú Àríwá.

Tí kò bá jáde rárá ńkọ́? Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni ìtàn ilé yín. CWGC fúnra wọn gbé ìwádìí jáde ní 2021: èèyàn 45,000 sí 54,000, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà nínú wọn, ni wọn kò bọlá fún bí wọ́n ṣe bọlá fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lẹ́yìn ogun àkọ́kọ́. Ó kéré tán, 116,000 míì, tí èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan. Àwọn aláàárù tó ń ru ẹrù ogun ló jìyà rẹ̀ jù. Ọmọ Kwara tó bá kan irú èyí, kó má ṣe sáré lọ ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà ní Ìbàdàn nìkan: abẹ́ ìjọba Àríwá ni agbègbè Ìlọrin wà nígbà náà, nítorí náà ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Kàdúná ni kó kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀.

Ẹ kọ nọ́ńbà sàréè sílẹ̀ sórí ìwé, ẹ má fi sórí fóònù nìkan. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ ni Plot, Row, Grave: abala, ìlà, sàréè. Tí “Coll. grave” bá wà níbẹ̀, èèyàn púpọ̀ ló wà nínú sàréè kan náà. Panel ni ti òkúta tí wọ́n kàn to orúkọ sí, tí òkú kò sí lábẹ́ rẹ̀. Lórí irú èyí, ẹ má retí pé wọ́n máa to orúkọ ní A, B, D láti òkè délẹ̀. Ẹgbẹ́ ogun ló máa ń ṣíwájú, ipò ológun ló tẹ̀ lé e, kó tó wá kan lẹ́tà orúkọ. Ẹ ya àwòrán itẹ́ òkú náà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bá wà, kí ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí ẹ ń lọ.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì CWGC, ojú ìwé itẹ́ òkú kọ̀ọ̀kan ní ibi tí wọ́n ti máa ń kìlọ̀ fún àlejò nípa iṣẹ́ àtúnṣe. Kò tó. Ẹ pe ẹni tó ń bójú tó ibẹ̀, kí ẹ béèrè ohun mẹ́ta: abala wo ni wọ́n tì, iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, òkúta sàréè ṣì wà lójú ibi tó wà tàbí wọ́n ti hú u? Ìbéèrè kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Tí wọ́n bá ń gbin koríko ni, wọ́n lè jẹ́ kí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da kọnkéré, ẹnikẹ́ni kò ní jẹ́ kí ẹ fẹsẹ̀ kàn án ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì máa ń kà kí wọ́n tó gbà pé ó le dáadáa.

Láti Abuja, ọkọ̀ ojú irin ni mo yàn. Ọ̀nà irin náà jẹ́ kìlómítà 186.5 láti Idu ní Abuja dé Rigasa ní Kàdúná, wákàtí bíi méjì sì ni. Ẹni tó ń gbé ní Kubwa tàbí Bwari, kó wọ̀ ọ́ ní Kubwa. Láìsí NIN, ẹ kò ní rí tíkẹ́ẹ̀tì rà, ẹ sì mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Ẹ ra àlọ àti àbọ̀ pa pọ̀, torí àyè ìrọ̀lẹ́ máa ń kún. Láti Rigasa, ẹ bá taksí sọ̀rọ̀ owó kí ẹ tó jókòó.

Ohun tí mo kó sínú àpò: ike omi lítà kan àbọ̀, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ bíi ti aṣọ, tówẹ̀lì kékeré, tọ́ọ̀ṣì, páálí tí mo fi bébà dídán bò, ìyẹn bébà fóìlì tí wọ́n fi ń wé ẹja, ìwé àti bírò. Ẹ má wọ aṣọ aláwọ̀ ológun, ì báà jẹ́ fìlà lásán. Òfin kò gbà á fún ará ìlú, ilé ológun sì pọ̀ ní Kàdúná. Fún ìdí kan náà, ẹ má ya fọ́tò ṣọ́jà tàbí bárékè tí ẹ bá kọjá.

Ní ẹnu géètì, “sannu da aiki”, ìyẹn ẹ kú iṣẹ́ ní Haúsá, ni mo fi kí mai gadi, ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀, kí n tó sọ ohunkóhun, mo sì fi ìwé tí mo kọ nọ́ńbà sí hàn án. Ìwé yẹn ṣe ju àlàyé lọ. Ó wò ó, ó ní èyí wà níta, èyí wà nínú àwọ̀n.

Níbi tó ṣí, ìlà kan ṣì wà tí wọ́n ti hú òkúta mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀. Ibí yìí ni àṣìṣe ti máa ń wọlé. Abẹ́ òkúta tó dúró, kọnkéré gbọọrọ kan wà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin, tí ihò wà lára rẹ̀ fún òkúta kọ̀ọ̀kan. Ihò ni kí ẹ kà, ẹ má ka òkúta. Ẹni tó bá ka òkúta níbi tí mẹ́ta ti kúrò, sàréè kẹwàá ló máa pè ní keje, orí ẹlòmíì ló sì máa gbàdúrà sí. Lẹ́yìn kíkà, ẹ fi nọ́ńbà iṣẹ́ ológun tó wà lára òkúta wé ti ìwé yín kí ẹ tó gbà. Àmì igi ọ̀pẹ tó wà lókè ni ti Frontier Force.

Ìdí tí wọ́n fi ń hú wọn kò nira láti mọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń wú nígbà òjò, á sì sán nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí fì síwájú tàbí sẹ́yìn. Èyí tí lẹ́tà rẹ̀ ti pa rẹ́ ni wọ́n ń tún fín tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Kíka lẹ́tà tó ti rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kọjú sí òkúta tààrà, òkúta á funfun gbòò, lẹ́tà á sọnù. Ẹ fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rá kọjá lójú rẹ̀, kí òjìji wọnú ibi tí wọ́n fín. Fún òkúta tó dúró, tí gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 81, agogo mọ́kànlá sí méjìlá ló dára, oòrùn á ti òkè wá. Fún èyí tó kúrú tó dùbúlẹ̀ díẹ̀, àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni. Ní àkókò ọyẹ́, eruku máa ń pín ìmọ́lẹ̀ káàkiri, òjìji kì í mú. Páálí oníbébà dídán ni kí ẹ fi darí oòrùn láti ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ẹ fi ara yín ṣíji bo òkúta, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti apá òsì.

Tí eruku bá bò ó, omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ mai gadi kí n tó ṣe ìyẹn pàápàá. Ẹ má dé ibẹ̀ pẹ̀lú Hypo tàbí ọṣẹ ìfọṣọ: iyọ̀ inú rẹ̀ á wọnú òkúta, tó bá gbẹ á máa wú, ojú òkúta á máa bó bí epo igi. Búrọ́ọ̀ṣì onírin máa ń fá lẹ́tà kúrò pátápátá. Àwọn kan máa ń fi ṣọ́ọ̀kì tàbí ìyẹ̀fun kun lẹ́tà kó lè hàn nínú fọ́tò. Ìwà ìbàjẹ́ gbáà ni lójú tèmi. Omi tó bá tutù lójú òkúta fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ẹ ya fọ́tò mẹ́rin: òkúta nìkan láti iwájú gangan, lẹ́tà ní ìsúnmọ́, gbogbo ìlà, àti ibi tí ìlà náà wà sí géètì. Ti kẹrin yìí ló máa wúlò fún ẹni tó bá tún fẹ́ lọ.

Orúkọ kejì wà nínú àwọ̀n, wọ́n sì ti hú òkúta rẹ̀. Wọ́n to àwọn òkúta náà sórí pákó lábẹ́ tapólì, tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ abala, ìlà àti nọ́ńbà sẹ́yìn wọn. Mi ò bẹ̀bẹ̀ pé kí n wọlé. Mo fún òṣìṣẹ́ kan ní nọ́ńbà náà, mo ní kó ya òkúta níbi tó dùbúlẹ̀ sí, kó ya ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, kó sì ya ihò tó ṣófo nínú ìlà. Ó gba fóònù mi, ó fi yà wọ́n. Ẹ má gbàgbé láti sọ ti ihò yẹn, torí ibẹ̀ ni òkú wà, òkúta ni wọ́n gbé kúrò.

Ẹni tó bá mú òdòdó wá, ìdí àgbélébùú ńlá tàbí ẹ̀gbẹ́ géètì ni wọ́n ń jẹ́ kó gbé e sí ní àkókò àtúnṣe. Wọn kì í gba igi tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, torí páìpù omi tuntun lè wà níbẹ̀. Mùsùlùmí tó fẹ́ ṣe àdúrà lè dúró síta àwọ̀n ṣe é.

Ní Rigasa, kí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó dé, mo yí orúkọ fọ́tò kọ̀ọ̀kan padà lórí fóònù sí abala, ìlà, nọ́ńbà àti ọjọ́. Mo fi “òkúta kò sí lójú sàréè lọ́jọ́ yìí” kún ti orúkọ kejì, kí n tó fi ránṣẹ́ sí ẹbí.