Omi ń pá a lórí lẹ́yìn rọpárọsẹ̀: ipò orí la tún ṣe

Ẹ̀kọ ń lọ geere lọ́fun aláìsàn yìí, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá mu omi ni ikọ́ ń tẹ̀lé e. Ife ló fà á. Bí omi bá ti kù díẹ̀ nínú ife tóóró, àfi kéèyàn gbé orí sẹ́yìn. Ọ̀nà èémí á wá ṣí sílẹ̀, omi tó yára ju ẹ̀kọ lọ á sì ti débẹ̀ kí gògóńgò tó gòkè láti pa á dé.

A gbé e jókòó ṣánṣán, ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. A pààrọ̀ ife sí ẹlẹ́nu gbòòrò, a sì dín omi kù sí mílílítà 5, ṣíbí tíì kan. Omi dẹ́nu, àgbọ̀n wá sílẹ̀ sí àyà, ó gbé e mì, ó tún gbé mì lásán kó tó gbé orí. Ọrùn nìkan ni kó tẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn.

Apá òsì ọ̀fun rẹ̀ ló rọ, nítorí náà òsì ló ń kọjú sí tó bá ń jẹun. Ọ̀pọ̀ ń ṣe òdìkejì! Yíyí yìí ló ń dí apá tó rọ, tí oúnjẹ fi ń gba apá tó le.

Ẹ jọ̀wọ́, títẹ àgbọ̀n kò bá gbogbo èèyàn mu. Bí oúnjẹ bá ń ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ọ̀fun, títẹ̀ yìí lè dà á sọ́nà èémí. Omi tún máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró àwọn míì láìwúkọ́, fídíò x-ray nígbà tí wọ́n ń gbé mì ló lè fi í hàn.