Gìtá Onínú Òfìfo Olówó Pọ́ọ́kú: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Ń Bi Mí Lójoojúmọ́

Ní ìsọ̀ mi ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹnì kan má gbé gìtá onínú òfìfo wá. Gìtá oníná tí ikùn rẹ̀ fẹ̀ ni mò ń sọ, èyí tó ní ihò méjì bíi lẹ́tà f lójú, tí inú rẹ̀ ṣófo bíi ti ìlù. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ tòkunbọ̀, àwọn mìíràn jẹ́ tuntun olówó pọ́ọ́kú. Àwọn ẹ̀sùn mélòó kan náà ni wọ́n ń mú wá. Ohun tó ń dùn mí ni owó tí wọ́n ti ná kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹni tí okùn gìtá rẹ̀ ti pé ọdún méjì á lọ ra pickup tuntun (ohun tó wà lábẹ́ okùn tó ń gbọ́ ohùn wọn), gìtá náà á sì máa dún bó ṣe ń dún tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.

Kò dún rárá.

Ẹ pààrọ̀ wáyà. Ẹ yí volume sókè. Ẹ ti súìṣì sí apá kejì. Nínú gìtá mẹ́wàá tí wọ́n ní ó ti kú, wáyà ló kú nínú ìdajì wọn.

Tí mo bá ń yí volume, ó ń ha gàràgàrà.

Ìdọ̀tí ni. Òògùn tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń fọ volume wà lọ́jà, ẹ fín díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ sì yí i lọ yí i bọ̀ nígbà ogún. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù ṣe é. Mo ti rí èyí tí bẹntiróòlù bó ọ̀dà ara rẹ̀ tán.

Ẹ̀gbọ́n, kì í dúró lórí ohùn tí mo bá tún un sí. Ṣé kí n ra kọ́kọ́rọ́ tuntun tí a fi ń yí okùn sí i lórí ni?

Rárá o. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn. Bí ẹ bá ti ṣe ìyẹn tí kò gbọ́, ẹ wo egungun funfun tó wà níbi tí ọrùn àti orí gìtá ti pàdé, níbi tí okùn ti ń gba ojú pàlàpálá kọjá. Nígbà tí ẹ bá ń yí okùn, ẹ fetí sílẹ̀: bó bá dún “ta”, okùn há nínú pàlàpálá yẹn. Yóò dúró díẹ̀, tí ẹ bá wá tẹ okùn nínú orin, á bọ́, ohùn á sì yẹ̀. Ẹ gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù dúdú kí ó mú, ẹ fi kun inú pàlàpálá náà, ẹ dá okùn padà. Ohun tí mò ń fi wo mẹ́fà nínú mẹ́wàá sàn nìyẹn, pẹ́ńsùlù kan ṣoṣo.

Okùn tó wà ní ìṣísílẹ̀ bára mu, àmọ́ tí mo bá gòkè lọ́rùn, gbogbo ohùn ń parọ́.

Bridge, ohun tó gbé okùn dúró lórí ikùn gìtá, ló ti kúrò nípò. Lára ọ̀pọ̀ gìtá yìí, wọn kò kan bridge mọ́ igi. Okùn ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá tú okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà láti pààrọ̀ wọn, bridge á yọ̀ lọ, ẹ ò sì ní mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa pààrọ̀ okùn. Mo ti sọ èyí títí ẹnu fi ń ro mí.

Bó bá ti kúrò ńkọ́? Ẹ wọ̀n ọ́n láti egungun funfun orí dé fret 12 (fret ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn, láti apá orí ni ẹ ó ti kà wọ́n). Iye kan náà ló gbọ́dọ̀ wà láti fret 12 dé bridge, pẹ̀lú mílímítà 2 tàbí 3 lé e, nítorí pé okùn ń gùn díẹ̀ nígbà tí ìka bá tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ a sì ga. Ẹ wá tan ẹ̀rọ inú fóònù tó ń sọ orúkọ ohùn. Ẹ fi ìka kan okùn fẹ́rẹ́ lórí fret 12 láìtẹ̀ ẹ́, ẹ ta á. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ gan-an, ẹ ta á. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, ẹ sún bridge sẹ́yìn síbi tí ìrù okùn wà. Bó bá lọọlẹ̀ jù, ẹ sún un síwájú. Nígbà tí méjèèjì bá di ọ̀kan, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà tín-ín-rín sẹ́bàá ẹsẹ̀ bridge.

Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yìí. Nínú jùjú, gìtá mẹ́ta mẹ́rin ló ń dá ara wọn lóhùn, ọ̀kan tó bá ń parọ́ kò ní ibi tó máa sá sí. Òṣogbo ni wọ́n bí King Sunny Adé sí ní 1946. Etí wa ní ìlú yìí ti mọ bí gìtá tó bára mu ṣe ń dún.

Okùn ga lọ́rùn, ìka ń ro mí. Nígbà ọyẹ́ ó tún yàtọ̀.

Ó gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Igi ń gbẹ nígbà ọyẹ́, ó ń mu omi nígbà òjò, ọrùn á tẹ̀ tàbí kó nà. Ẹ tẹ okùn tó nípọn jù ní fret àkọ́kọ́ àti ní èyí tó kẹ́yìn, kí ẹ wo àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ láàárín méjì, ní fret 7 tàbí 8. Bébà líle kan ló yẹ kó gba ibẹ̀, nǹkan bíi 0.25 mm. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, irin inú ọrùn ló nílò kí a fún un: ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo sí apá ọ̀tún, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ipá yí i. Bó bá le, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ gbé e wá. Irin tó bá já nínú ọrùn gìtá olówó pọ́ọ́kú, owó àtúnṣe rẹ̀ ju owó gìtá lọ. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ẹsẹ̀ bridge sísàlẹ̀, títí okùn nínípọn á fi wà ní mílímítà 2 sókè fret 12, kí tínrín wà ní 1.5.

Ó ń hu tí volume bá ti ga.

Ikùn rẹ̀ ṣófo. Ohùn tó ń ti inú sípíkà jáde ń gbọn ikùn náà, ikùn ń gbọn okùn, pickup á gbọ́ okùn, á tún dá a padà sí sípíkà. Nítorí èyí gan-an ni ilé-iṣẹ́ Gibson tó ń ṣe gìtá fi ti igi sí àárín gìtá wọn tó ń jẹ́ ES-335 ní 1958. Tiyín kò ní irú igi bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ gé fóòmù kí ẹ fi dí ihò méjèèjì, ẹ dín báàsì orí ámpù (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè) kù, kí ẹ má sì kọjú sí sípíkà. Ẹ má ki àkísà kún inú rẹ̀, á máa mu omi nígbà òjò.

Ó ń kùn hùn-ùn, tí mo bá fọwọ́ kan okùn, á dákẹ́.

Wáyà ilẹ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án tí kò dákẹ́, wáyà tó lọ sí irin ìrù okùn ló já. Àmọ́ tí iná bá ta yín nígbà tí ẹ mú gìtá dání tí ètè yín kan maikirofóònù, ẹ pa ámpù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pe oníná sí ibi ìjọsìn yín. Ẹ má ṣe tún un fúnra yín, ẹ má sì sọ pé jẹnẹrétọ̀ ni. Iná yẹn lè pa èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n, nílé ó ń dún dáadáa. Tí mo bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, á kàn dákẹ́ lójijì, á tún padà.

Èyí gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ọmọkùnrin kan tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì lójú ọ̀nà Ìkìrun ló gbé e wá. Wọ́n ti pààrọ̀ jáàkì rẹ̀, ibi tí a ń ki wáyà bọ̀, lẹ́ẹ̀méjì níbòmíràn, ó sì ti ra wáyà tuntun. Mo fi í sára ámpù kékeré tó wà lórí tábìlì mi, mo ta á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò dákẹ́ rí. Mo ní kó máa lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, ààrin orin ìyìn ló dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ó ti dé, kò tiẹ̀ lè gbójú sókè wò mí.

Mo pààrọ̀ súìṣì. Ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí kò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Gìtá yìí kò ní ìdérí lẹ́yìn. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ojú ihò f ló bá wọlé, ibẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ bá jáde. Mo so òwú mọ́ ọ̀pá volume kọ̀ọ̀kan kí n tó tì í sínú, kí n lè fi òwú yẹn fà á padà síta láti ojú ihò rẹ̀. Fún ti jáàkì, okùn gìtá àtijọ́ ni mo kì bọ ihò rẹ̀, mo fi gbé e wá. Ọ̀sán gbáko ni. Lórí tábìlì, ó dún. Lọ́jọ́ Àìkú kejì, ó tún dákẹ́. Mo tún kó gbogbo rẹ̀ jáde, mo fi sódà tuntun sí gbogbo ojú ìsopọ̀. Lórí tábìlì, ó dún.

Ìgbà yẹn ni mo wá bi í léèrè ohun tó yẹ kí n ti bi í láti ọjọ́ àkọ́kọ́: “Kí ni àwọn yòókù ń ṣe nígbà tó bá dákẹ́?” Ó ronú. Ó ní, “Ó jọ pé tí gìtá báàsì bá ti wọlé ni.”

Mo bá a lọ síbi ìdánrawò wọn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Bí báàsì ṣe tẹ ohùn ìsàlẹ̀, gìtá dákẹ́. Báàsì dúró, gìtá padà. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ikùn gìtá náà: ó ń gbọ̀n rìrì bí ara ẹni tí ibà mú. Mo ní kí gbogbo wọn dákẹ́, mo fi eegun ìka kan ikùn náà nítòsí volume. Ó dákẹ́. Mo tún kàn án. Ó padà.

Mo gbé e padà sí ìsọ̀, mo fi iná fóònù àti dígí kékeré tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn eyín yọjú wo inú ihò. Wáyà tó ti ibi súìṣì wá sídìí jáàkì ní irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n hun yí i ká, láìsí rọ́bà lórí rẹ̀. Ó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì na ara rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ volume níbi tí ohùn ń gbà kọjá, àlàfo àárín wọn kò ju fífẹ̀ irun orí lọ. Tí ikùn bá gbọ̀n, irin wẹ́wẹ́ yẹn á kan ẹsẹ̀ volume, gbogbo ohùn á sì gba ibẹ̀ wọ wáyà ilẹ̀ lọ. Ámpù orí tábìlì mi kò lágbára láti gbọ̀n ọ́n. Mo gé wáyà náà kúrú, mo ki rọ́bà bọ̀ ọ́, mo fi tẹ́èpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara igi. Owó rọ́bà yẹn kò tó owó ìrẹsì àwo kan. Láti ìgbà náà, kò dákẹ́ mọ́.

Tiyín bá ń ṣe irú èyí, ẹ fi wáyà sí i, ẹ gbé volume sókè dé góńgó, ẹ máa fi eegun ìka kan ikùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: nídìí jáàkì, nídìí súìṣì, nídìí volume. Ibi tó bá ti dákẹ́ ni kí ẹ ti wá a. Bó bá jẹ́ ìdí jáàkì, ẹ fún nọ́ọ̀tì rẹ̀, àmọ́ ẹ di jáàkì mú kó má bá a yí, kí wáyà inú má baà já.

Ṣé kí n wá ra pickup tuntun báyìí?

Ẹ fi mítà àwọn oníná wọn èyí tó wà níbẹ̀. Pickup tó ní wáyà wíwé méjì nínú, tí a ń pè ní humbucker, sábà máa ń wà láàárín 7 sí 9 kΩ (kílò-óòmù, ìwọ̀n ìdènà iná). Bí mítà bá fi irú iye bẹ́ẹ̀ hàn, ó wà láàyè. Ẹ yí ìdè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó sún mọ́ okùn, kó ku mílímítà 2 sí 3 nígbà tí ẹ bá tẹ fret tó kẹ́yìn. Bí mítà kò bá fi nǹkan kan hàn, ó ti kú, ẹ ra tuntun.

Ikùn rẹ̀ là, tàbí ọrùn rẹ̀ ń mì níbi tó ti wọ ara.

Ẹ tú okùn rẹ̀ sílẹ̀ lónìí. Ẹ má da super glue sí i. Ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e wá bó ṣe wà.