Bí Kámẹ́rà Drone Kò Ṣe Ní Làágùn Tàbí Kí Ó Dì Nígbà Òtútù

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin màlúù ní Minnesota, Wisconsin àti North Dakota, ní Amẹ́ríkà, ni a kọ ìwé pélébé yìí fún, àti ẹnikẹ́ni tó ń fi drone yẹ òrùlé tàbí ọgbà rẹ̀ wò nígbà òtútù. Àárọ̀ oṣù January níbẹ̀ lè tutù dé -20 ní ìwọ̀n Celsius. Ọyẹ́ ilé wa, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ gbé ìgò omi jáde nínú fíríìjì, kò ní pẹ́ tí yóò fi làágùn. Omi yẹn kò tinú ìgò wá. Inú afẹ́fẹ́ ló wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tó móoru kan nǹkan tútù ni omi inú rẹ̀ sẹ̀ bí ìrì. Ohun kan náà ló ń ṣe kámẹ́rà. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà ilé ni ìṣòro pọ̀ sí ju ojú ọ̀run lọ. Òtútù ìta ni ọ̀pọ̀ ń bú, bẹ́ẹ̀ ilé ìdáná tí ọbẹ̀ ti ń hó ló ba kámẹ́rà wọn jẹ́. Ẹni tó bá ti gbé fóònù kúrò nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán ti rí irú rẹ̀ rí.

Kí ẹ tó jáde

Ẹ gbé drone sínú gáréèjì tàbí abà tí kò ní ẹ̀rọ amúlégbóná ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kí ẹ sì ṣí ìdérí kámẹ́rà níbẹ̀ kí afẹ́fẹ́ ilé lè jáde. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá há sẹ́yìn gíláàsì, inú lọ́hùn-ún ni yóò ti sẹ̀ sí, aṣọ kankan kò sì lè nù ún níbẹ̀. Àwọn àpò kéékèèké tí ẹ ń bá nínú páálí bàtà tuntun, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má dà wọ́n nù. Wọ́n máa ń fa omi. Ẹ kó mélòó kan sínú àpótí drone.

Ti bátìrì yàtọ̀, òun kò fẹ́ tutù rárá. Inú àpò ẹ̀wù yín, lábẹ́ kóòtù, ni kó wà títí ẹ ó fi gbéra. Ó dára kó gbóná tó 20 kí ẹ tó fò. Ẹ wo ìwé tó bá drone yín wá dáadáa: ọ̀pọ̀ kéékèèké ni a kò ṣe fún òtútù tó bá ti rẹlẹ̀ ju 0 tàbí -10 lọ.

Ọjọ́ tí kò yẹ kí ẹ fò

Bí ìwé drone yín bá gba irú òtútù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ roro ní -15 sàn ju ọjọ́ tí kùrukùru bolẹ̀ ní -2 lọ. Ó lè yani lẹ́nu. Omi inú kùrukùru bẹ́ẹ̀ kò tíì dì. Ìgbà tó bá kan drone ló ń di yìnyín lójú ẹsẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ mú, kí ẹ tó rí i nínú àwòrán. Drone á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bátìrì á máa sá lọ, lẹ́yìn náà ó di ilẹ̀. Ẹ wo ìròyìn ojú ọjọ́: bí ìwọ̀n òtútù àti nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní dew point (ìwọ̀n tí omi inú afẹ́fẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ bí ìrì) bá fi 2 tàbí 3 péré jura lọ, kùrukùru kò jìnnà. Òfin Amẹ́ríkà fún ẹni tó ń fi drone ṣiṣẹ́ oko tilẹ̀ béèrè pé kí ojú ríran dé máìlì 3.

Bí ojú kámẹ́rà bá ti ṣú

Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, èémí yín gan-an á dì sí i lára. Ẹ má fi èékánná họ ọ́, ẹ má sì fi ẹ̀rọ tí ń gbẹ irun yan án. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn kan ń júwe, ó ń ha gíláàsì ni. Aṣọ rírọ̀ tó gbẹ, tí a fi ń nu awò ojú, ti tó.

Kámẹ́rà tó ń fi ooru ríran, èyí tí ẹ fi ń wá ọmọ màlúù tó sọnù lóru, gba ìkíyèsí ju èyí lọ. Omi tín-ínrín tàbí yìnyín fẹ́lẹ́ lójú rẹ̀ máa ń dí ooru mọ́ ọn, ọmọ màlúù á sì pòórá nínú àwòrán. Ẹ má fi gíláàsì lásán bo ojú rẹ̀ láti dáàbò bò ó, nítorí ooru ara ẹran kì í gba inú gíláàsì kọjá.

Nígbà tí ẹ bá ń wọlé

Ìta níbẹ̀ ni kí ẹ ti kó drone sínú ọ̀rá, kí ẹ dì í pinpin, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Ọ̀rá ni yóò làágùn dípò kámẹ́rà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí yóò fi móoru bíi yàrá. Bátìrì tó ṣì tutù, ẹ má tíì ṣáàjì rẹ̀. Ẹ sì rántí yọ mẹ́mọ́rì káàdì kí ẹ tó di ọ̀rá náà, torí mo mọ̀ pé ara yín kò ní gbà á láti dúró kí ẹ tó wo àwòrán.