Spanning tree: pọ́ọ̀tù tó dákẹ́ kò bàjẹ́

Spanning tree ni ètò tí àwọn switch, ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ di nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fi ń dí ọ̀nà tó bá lé. Bí iná aláwọ̀ ọsàn bá ń tàn lára pọ́ọ̀tù (ihò wáyà) switch Cisco, má yára fa wáyà rẹ̀ yọ. Tẹ `show spanning-tree` ná. Bí o bá rí Altn BLK, a jẹ́ pé alternate ni: ọ̀nà ẹ̀yìn sí ọ̀dọ̀ root (switch tó jẹ́ ọba, tí gbogbo yòókù ń wá ọ̀nà lọ bá), tí a dí kí dátà má baà máa pòyì títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi dákú. Ẹni tó bá yọ ọ́ kò ní rí ọ̀nà mìíràn lọ́jọ́ tí wáyà root port, pọ́ọ̀tù tó ń gbà lọ sọ́dọ̀ root, bá já.

Èyí tó burú jù ni kí a má yan root fúnra wa. Switch tí priority rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ipò rẹ̀, bá kéré jù ló ń di root; 32768 ni switch máa ń bá wá. Bí gbogbo wọn bá dọ́gba, ẹni tí àdírẹ́sì MAC rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ) kéré jù ló ń jọba, ó sì lè jẹ́ ògbólógbòó 100 Mbps abẹ́ tábìlì kan. Ká ní switch ńlá méjì so mọ́ ọn, tí fáíbà 1 Gbps sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Spanning tree máa ń ka iye tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ná, èyí tó kéré jù ló ń yàn. Ọ̀nà tààrà sí root ná 19. Èyí tó gba fáíbà kọjá ná 4 lé 19, ìyẹn 23. Fáíbà olówó gọbọi yẹn gan-an ni wọ́n máa dí! Fún switch àárín ní priority 4096, kí o fún igbákejì rẹ̀ ní 8192.

N'Ibadan tiwa yìí, má fi root sórí iná NEPA nìkan kí àwọn yòókù wà lórí inverter. Bí wọ́n bá ti múná lọ, àwọn switch yòókù á yan root tuntun. Bí iná bá dé, ọba àná á tún gba ìtẹ́ rẹ̀. Lórí 802.1D, spanning tree àtijọ́, ìdádúró náà lè tó ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 50. RSTP, ẹ̀dà tuntun rẹ̀, yára gan-an, àfi bí wáyà bá wà ní half-duplex (tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò lè ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà): ó máa padà sí dídúró ìṣẹ́jú-àáyá 15 lẹ́ẹ̀mejì.

PortFast, tó ń jẹ́ kí pọ́ọ̀tù ṣiṣẹ́ láìdúró, wà fún kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kì í ṣe fún wáyà láàárín switch. Fi BPDU guard tì í lẹ́yìn: BPDU ni iṣẹ́ tí àwọn switch ń rán síra wọn fún spanning tree, guard sì ń ti pọ́ọ̀tù tó bá gbà á pa. BPDU filter kì í ṣe ẹ̀gbọ́n guard o: lórí pọ́ọ̀tù, ńṣe ló ń pa spanning tree lẹ́nu mọ́. Bí ẹnì kan bá ra switch oníhò márùn-ún ní Dùgbẹ̀, tó ki wáyà méjì láti ara rẹ̀ bọ ihò méjì lára ògiri, guard á ti pọ́ọ̀tù pa sí err-disabled. Yọ wáyà kejì kúrò kí o tó tẹ `shutdown` àti `no shutdown` láti ṣí pọ́ọ̀tù náà padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó tún máa tì.