"Gbogbo Ẹ̀ Lápapọ̀, Èló?" Bí A Ṣe Ń Ná Ọkọ̀ Hybrid Tuntun Lọ́wọ́ Dílà ní Amẹ́ríkà

Ẹni tó mọ ọjà ná ní Bódìjà tàbí Mile 12 lè rò pé kò sí dílà tó lè rẹ́ òun jẹ. Àmọ́ ọjà méjèèjì ò rí bákan náà. Nídìí tòmátì, ohun kan ṣoṣo lẹ̀ ń ná: iye apẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ dílà, nǹkan mẹ́rin ni wọ́n máa tẹ́ síwájú yín lẹ́ẹ̀kan náà: iye ọkọ̀, iye tí wọ́n máa gba ọkọ̀ àtijọ́ yín, owó àsansílẹ̀, àti iye tí ẹ máa san lóṣooṣù. Bí ẹ bá já ọ̀kan wálẹ̀, òmíràn ni wọ́n á fi gbà á padà, ẹ ò sì ní mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó jẹ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa wà lẹ́nu yín látìbẹ̀rẹ̀ dópin: "Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, èló?" Out-the-door ni àwọn dílà ń pè é. Iye ọkọ̀ wà nínú ẹ̀, owó tí wọ́n fi gbé e wá láti iléeṣẹ́, owó orí, owó ìwé àti owó nọ́ńbà, débi pé kò ní sí kọ́bọ̀ mìíràn lẹ́yìn ẹ̀.

Toyota Camry ọdún 2025 la máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé àtọdún yẹn ni Toyota ò ti ta Camry tó ń lo epo nìkan mọ́ ní Amẹ́ríkà. Gbogbo ẹ̀ ló di hybrid: ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 pẹ̀lú mọ́tò iná, agbára ẹṣin 225 fún èyí tí táyà iwájú ń fà, 232 fún èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó jáde ní 2024, $28,400 ni iléeṣẹ́ dá lé LE, èyí tó kéré jù, pẹ̀lú $1,095 owó gbígbé. Àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ $29,495. Iye náà ti gòkè díẹ̀ látìgbà yẹn, àmọ́ bí a ṣe ń ṣírò ẹ̀ ò yí padà.

Ìdí tí ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fi máa ń le ná

Dílà Toyota kì í kàn pe iléeṣẹ́ pé kí wọ́n kó ogún Camry wá fún òun. Iléeṣẹ́ ló ń pín in, ẹni tí ọjà ẹ̀ bá yá ló sì ń rí púpọ̀ gbà nínú ìpín tó ń bọ̀. Láwọn oṣù àkọ́kọ́, ọkọ̀ mẹ́ta péré lè dé, kí èèyàn mẹ́wàá sì ti máa dúró dè é. Ìgbà yẹn ni dílà máa ń lẹ owó kan mọ́ ọn tí wọ́n ń pè ní market adjustment. Kò sóhun tí owó yẹn rà. Òfin ò sì dí i lọ́wọ́, torí àbá lásán ni iye tí iléeṣẹ́ dá.

Ohun méjì ló ń ṣẹ́gun ẹ̀: sùúrù àti ọ̀nà jíjìn. Bí ọkọ̀ tí ẹ ní lọ́wọ́ bá ṣì ń rìn, ẹ fún ti tuntun ní bí oṣù mẹ́fà. Bí ẹ ò bá lè dúró, ẹ fẹ ibi tí ẹ ti ń wá a dé igba máìlì. Wákàtí mẹ́ta lójú títì tó gba $2,000 padà fún yín kì í ṣe ìyà.

Ẹ ka ìwé ojú fèrèsé dáadáa

Ìwé méjì ló sábà máa ń wà lára gíláàsì ọkọ̀ tuntun. Èkíní ni Monroney, tí wọ́n fi orúkọ Sẹ́nétọ̀ Mike Monroney ti Oklahoma pè. Òfin ọdún 1958 ló sọ ọ́ di dandan, wọn ò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ títí ọkọ̀ á fi dọ́wọ́ ẹni tó rà á. Iye tí iléeṣẹ́ dá, àwọn àfikún tí wọ́n ṣe sí i àti owó gbígbé ló wà níbẹ̀. Ìwé kejì, dílà ló tẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí afẹ́fẹ́ nitrogen inú táyà, nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n fín sára gíláàsì, oje tí wọ́n ń pa sórí ọ̀dà ọkọ̀ kó má baà họ, àti rọ́bà etí ilẹ̀kùn. Ẹ wo ti nitrogen yẹn dáadáa: afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí símú, ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ti jẹ́ nitrogen tẹ́lẹ̀. Ẹ má sanwó fún un.

Gbogbo ohun tó wà nínú ìwé kejì ló ṣeé ná. Bí dílà bá ní àwọn ti ṣe é sára ọkọ̀ náà, ẹ dáhùn pé ẹ ò ní kó yọ ọ́, kó ṣáà má gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin ará Houston àti Dallas, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Atlanta, ẹ fetí sí èyí. Kì í ṣe Toyota fúnra ẹ̀ ló ń pín ọkọ̀ lágbègbè yín. Gulf States Toyota ló ń pín in ní Texas, Oklahoma, Louisiana, Arkansas àti Mississippi. Southeast Toyota ló ń pín in ní Florida, Georgia, Alabama àti Carolina méjèèjì. Àwọn yìí máa ń fi àfikún tiwọn sára ọkọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ dílà, torí náà ó lè hàn lórí Monroney gan-an. Dílà ti sanwó fún un, kò sì ní rọrùn fún un láti yọ ọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ gba fọ́tò Monroney ọkọ̀ mẹ́rin, márùn-ún, kí ẹ sì mú èyí tí àfikún ẹ̀ kéré jù. LE méjì tó jọra lè fi ọ̀pọ̀ dọ́là ju ara wọn lọ nítorí kápẹ́ẹ̀tì àti bọ́ǹtì táyà.

Ẹ ṣe ìṣirò tiyín kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀

Owó orí ọkọ̀ ní Texas jẹ́ ìdá 6.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí $29,495, ó máa jẹ́ $1,843. Ẹ jẹ́ ká fi $250 sílẹ̀ fún owó ìwé àti nọ́ńbà. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ $31,588. Ẹ wá wo dílà tó lẹ $2,000 mọ́ ọn, tó tún ní àfikún $1,200 nínú ìwé kejì: ó máa di $34,988. Ìyàtọ̀ ẹ̀ kì í ṣe $3,200, $3,400 ni, torí ìjọba máa gba owó orí lórí àlékún yẹn náà.

Owó ìwé tí dílà ń gbà yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ní New York, kò gbọ́dọ̀ ju $175 lọ. Ní California, $85 ni. Florida ò fi òpin sí i, àwọn kan níbẹ̀ sì ń gba nǹkan bí $1,000. Dílà sábà máa ń ní iye kan náà lòún ń gbà lọ́wọ́ gbogbo oníbàárà, òun ò lè yọ ọ́. Ẹ má bá a jà lórí ẹ̀. Ẹ ní kó dín iye ọkọ̀ kù ní iye yẹn.

Ẹ kọ̀wé, ẹ má tíì lọ síbẹ̀

Ẹ wá dílà mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ẹ kọ ímeèlì kan náà sí ẹni tó ń bójú tó títa orí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ohun tó yẹ kó wà nínú ẹ̀ rèé: irú ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ gan-an, àwọ̀ méjì tí ẹ lè gbà, nọ́ńbà zip ibi tí ẹ máa ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó orí ń tẹ̀ lé, àti ọjọ́ tí ẹ lè wá gbé e. Kí ẹ wá béèrè iye out-the-door, kí wọ́n to owó ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú VIN ọkọ̀ náà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní, àti fọ́tò ìwé méjèèjì. Ẹ má fi nọ́ńbà fóònù yín síbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn.

Ìdajì wọn ò ní sọ iye kankan. "Ẹ wọlé wá ká jọ sọ̀rọ̀" lèsì wọn. Ẹ dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan pé bí iye bá wà nínú ìwé, ẹ máa wá. Bí kò bá sí, ó dìgbà. Àwọn méjì tàbí mẹ́ta máa fi iye gidi ránṣẹ́. Ẹ mú èyí tó kéré jù lọ síwájú èyí tó sún mọ́ ilé yín jù, kí ẹ bi í bóyá ó lè dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ fọwọ́ bo orúkọ dílà kejì, àmọ́ ẹ má purọ́ iye. Wọ́n mọ iye ọjà ara wọn, irọ́ sì máa ń tètè hàn.

Kí ni iye tó tọ́? Ìdájọ́ tiwa ni pé ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, iye tí iléeṣẹ́ dá, láìsí àlékún, láìsí ìwé kejì, tọ́ sí ẹni tó fẹ́ ẹ kíákíá. Tí ẹ bá ti rí LE mẹ́fà, méje tó jókòó sí ọgbà dílà kan, ó ti yẹ kí ẹ máa béèrè ẹ̀dínwó. Bí wọ́n bá fi invoice hàn yín pé "iye tí àwa fúnra wa rà á nìyí," ẹ rántí pé iléeṣẹ́ máa ń dá apá kan padà fún dílà lẹ́yìn tó bá tà á. Holdback lorúkọ ẹ̀. Invoice kọ́ ni ìsàlẹ̀ àpò. Ìparí oṣù sì dáa ju ìbẹ̀rẹ̀ oṣù lọ, torí iye ọkọ̀ tí dílà gbọ́dọ̀ tà kí oṣù tó parí.

Bí ọkọ̀ bá ṣì wà lójú ọ̀nà, wọ́n lè béèrè owó ìdúró. Ẹ fi káàdì gbèsè san án, kí ìwé wà pé wọ́n máa dá a padà bí ẹ bá yí ọkàn padà, kí VIN àti iye out-the-door sì wà nínú ìwé kan náà. Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù nìyí: ẹ san $500, iye ò sí nínú ìwé, ọkọ̀ dé, $1,500 ti gorí ẹ̀.

Owó yíyá àti ọkọ̀ àtijọ́

Kí ẹ tó lọ, ẹ gba àdéhùn owó lọ́wọ́ credit union, tó dà bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwa. Bí ẹ bá béèrè níbi mẹ́ta láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa kà á sí nínú ìṣirò credit yín. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé báńkì lè fún dílà ní èlé ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún, kí dílà sọ fún yín pé ìdá 8 ni, kí ó sì gba lára ìyàtọ̀ náà. Lórí $30,000 fún oṣù 72, ìdá 6 jẹ́ nǹkan bí $497 lóṣù, ìdá 8 jẹ́ $526. Dọ́là mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ò jọ nǹkan kan lójú, àmọ́ ó lé ní $2,000 nígbà tí ẹ bá fi san tán. Ẹni tó bá bi yín pé "Èló lẹ lè san lóṣù?", ẹ má dá a lóhùn. Bí èlé Toyota fúnra ẹ̀ bá kéré ju ti credit union lọ, ẹ gba tiwọn.

Ẹ ti gba iye ọkọ̀ àtijọ́ yín níbòmíràn kí ẹ tó mẹ́nu kàn án. CarMax, iléeṣẹ́ tó ń ra ọkọ̀ àlòkù, máa ń fúnni ní iye tó dúró fún ọjọ́ méje. Ní Texas, owó orí ń wá lórí ìyàtọ̀ nìkan bí ẹ bá fi ọkọ̀ àtijọ́ ṣe pààrọ̀, torí náà ọkọ̀ $10,000 ń fi $625 pamọ́ fún yín. California ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Yàrá ìbuwọ́lùwé

Ẹni tó máa gbà yín lálejò níbẹ̀, títa ló ń tà. Bátìrì hybrid ni yóò fi dẹ́rù bà yín: "Tó bá kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni o." Toyota ti fọwọ́ sọ̀yà fún bátìrì yẹn fún ọdún 10 tàbí máìlì 150,000, láti ọkọ̀ ọdún 2020 síwájú. Ẹ ti ní in láìsan kọ́bọ̀.

Bí wọ́n bá ṣèlérí ẹ̀dínwó owó orí $7,500 láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, kò sí i fún Camry. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi wáyà chájì ni wọ́n ṣe owó yẹn fún, ó sì dópin ní September 30, 2025. Èyí tó wà ni pé láti 2025 dé 2028, èlé owó tí ẹ yá ra ọkọ̀ tuntun tí wọ́n tò ní Amẹ́ríkà ṣeé yọ kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu orí lé, dé $10,000 lọ́dún, bí owó tó ń wọlé fún yín ò bá ti pọ̀ kọjá ààlà. Ẹ wo àmì àkọ́kọ́ nínú VIN: Camry tí wọ́n ṣe ní Georgetown, Kentucky, ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4. J túmọ̀ sí Japan, bíi ti Prius.

Fún ẹni tó ń rò pé òun máa fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sílé láìpẹ́: àwọn dílà kan máa ń fi ìwé kan há àárín àwọn tó kù, pé ẹ ò ní gbé e jáde kúrò nílẹ̀ Amẹ́ríkà fún àkókò kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa san ìtanràn. Ẹ wá ìwé yẹn, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú.

Ẹ má gbé ọkọ̀ lọ sílé bí báńkì ò bá tíì fọwọ́ sí owó náà pátápátá. Wọ́n lè pè yín lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá pé owó ò jáde, kí ẹ wá buwọ́ lu èlé tó ga sí i. Ẹ má sì gbọ́kàn lé ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn èèyàn ń sọ pé a lè fi dá ọkọ̀ padà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ò fún ẹni tó ra ọkọ̀ ní ọgbà dílà ní ọjọ́ kankan.

Ẹ gbé ímeèlì out-the-door sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdéhùn, kí ẹ fi ìka tọ owó kọ̀ọ̀kan láti òkè délẹ̀. Bí àròpọ̀ bá fi dọ́là kan pọ̀ ju ti ímeèlì lọ, ẹ gbé bíírò sílẹ̀ títí wọ́n á fi tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde lọ wo ọkọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán: VIN ara gíláàsì kó bá ti inú ìwé mu, kó má tíì rin ju máìlì mélòó kan lọ, kí kọ́kọ́rọ́ jẹ́ méjì, kí táńkì kún.