Ẹ Má Gba Ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì Kọ́ Ọmọ Ìkòròdú ní Sípáníìṣì: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Ariwo kì í wọ́n nínú kíláàsì Sípáníìṣì. Orin ń lọ, àtẹ́wọ́ ń dún, tíṣà ń làágùn. Ẹ wá pe ọmọ kan jáde pé kó sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ń gbé, yóò máa wo àjà. Eré wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹnu tíṣà nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú kíláàsì yìí ní Ìkòròdú, yálà nílé ìwé tàbí ní ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣọ́.

Èyí tó tún ń dùn mí ni pé tíṣà á máa gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Sípáníìṣì, nígbà tí ọ̀nà Yorùbá kúrú jù ú lọ. Ẹ wo "soy" àti "estoy" tí wọ́n ń fi odindi ọ̀sẹ̀ ya àtẹ fún. "Soy de Ikorodu": ọmọ Ìkòròdú ni mí. "Estoy en Ikorodu": mo wà ní Ìkòròdú. Gẹ̀ẹ́sì fi "am" kan ṣoṣo sọ méjèèjì, ìdí nìyẹn tó fi ń dàrú mọ́ ọmọ lójú. "Ni" àti "wà" ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún un látilé. Kì í ṣe ibi gbogbo ló ti bára mu o ("ó ti rẹ̀ mí" ni "estoy cansado", kò sí "wà" kankan nínú rẹ̀), àmọ́ ọmọ ti rí ibi tẹ ẹsẹ̀ sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "tú" (ìwọ) àti "usted" ("ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnìkan). Ọmọ tí wọ́n ti bá wí rí nítorí pé ó pe àgbàlagbà ní "ìwọ" kò nílò àlàyé gígùn. Ẹ kàn má sọ fún un pé bákan náà ló rí káàkiri. Ní Bogotá, ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi "usted" bá ọ̀rẹ́ wọn sọ̀rọ̀. Ní Argentina, "vos" ni wọ́n ń lò dípò "tú".

Ọ̀rọ̀ kíkà náà ńkọ́? Fáwẹ́lì márùn-ún ni Sípáníìṣì ní, a, e, i, o, u, ohùn wọn kì í sì í yí padà. Ọmọ tó lè ka Yorùbá á ka "mesa", ìyẹn tábìlì, bó ṣe yẹ. Èyí tó gba ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì á pè é ní "mísà". Lẹ́tà v tó ń fún ọ̀pọ̀ wa ní wàhálà, b ni wọ́n ń pè é, nítorí náà "baka" ni "vaca", màlúù, ń dún. Ṣùgbọ́n Yorùbá náà lè ṣi ọmọ lọ́nà, tíṣà ló sì yẹ kó kìlọ̀. P wọn kì í ṣe p tiwa: ètè nìkan ló ń pàdé, ẹ̀yìn ahọ́n kò bá wọn dá sí i. N tó gbẹ̀yìn "pan", ìyẹn búrẹ́dì, kì í wọ imú lọ. Kó dún gedegbe. Ẹ má sì fi àmì sílẹ̀ lórí pátákó, torí pé "papa" ni pòtétò ní Amẹ́ríkà Látìn, "papá" sì ni bàbá. Ibi tí agbára ohùn bọ́ sí ni àmì yẹn ń tọ́ka, kì í ṣe ohùn òkè. Ọmọ tó mọ̀ pé ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀ kò ní bá yín jiyàn.

Bí àwòrán álífábẹ́ẹ̀tì tó wà lára ògiri yín bá ṣì ka ch àti ll mọ́ lẹ́tà, ẹ yọ ọ́. Láti 2010, lẹ́tà 27 ni àwọn àjọ tó ń bójú tó èdè náà fi ẹnu kò lé.

Ẹ má kọ ọ̀rọ̀-orúkọ ní ìhòòhò, láìsí "el" (ti akọ) tàbí "la" (ti abo) tó ń ṣáájú rẹ̀. "La mesa", "el libro" (ìwé) ni kí ọmọ gbọ́ láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ má sì búra fún un pé gbogbo èyí tó bá parí sí a ni "la", tí gbogbo èyí tó bá parí sí o sì jẹ́ "el", nítorí "el día" (ọjọ́) àti "la mano" (ọwọ́) ń bọ̀ wá dójú tì yín.

Eré ọjà ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ni wọ́n ń bà jẹ́ jù. Tíṣà á kọ ìtàkùrọ̀sọ sórí pátákó, ọmọ méjì á dúró kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà. Wọ́n á ní kí wọ́n ra èso ápù, wọ́n á sì ti kọ́ wọn ní òǹkà dé 20. Kí lẹ fẹ́ fi náírà 20 rà ní Sábó lónìí? Ẹ tètè dé "mil" (ẹgbẹ̀rún), "dos mil", "cinco mil". Ẹ kó tòmátò, ẹja àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Kí ẹ sì kọ iye tí ọlọ́jà lè gbà sínú ìwé pélébé fún un, kí ẹ kọ iye tó wà lápò oníbàárà fún òun náà, kí ẹnìkan má mọ ti ẹnìkejì. "¿Cuánto cuesta?" (Èló ni?) "Tres mil." (Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.) "¡Es muy caro!" (Ó wọ́n gan-an!) Nígbà tí ọmọ bá fẹ́ jèrè, fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá ọ̀rọ̀.

James Asher, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà àṣẹ pípa kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960: tíṣà á ní "levántate", wọ́n á dìde, á ní "siéntate", wọ́n á jókòó. Ó dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe ni kí táàmù parí kí tíṣà ṣì jẹ́ ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ pàṣẹ fún yín, ẹ ó rí i bí wọn kò ṣe ní fẹ́ lọ sílé.

Lotería, eré káàdì àwọn ará Mẹ́síkò tó ní àwòrán 54, ń jẹ irú ìyà kan náà, nítorí ẹni tó ń pe káàdì nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ọ́ di àlọ́ àpamọ̀. Àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì ní tiwọn: "Oro parece, plata no es." Ó jọ wúrà, kì í ṣe fàdákà. Bí ẹ bá sáré pe "plata no es", ìdáhùn á jáde: plátano, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kí ọmọ kan ké "Ààlọ́ o!", kí ìyókù dáhùn, kó wá fi Sípáníìṣì pa á.

Má dá ọmọ dúró ní gbogbo ìgbà tó bá ṣìnà. Bó bá ní "yo tiene un perro" dípò "yo tengo un perro" (mo ní ajá), ẹ dáhùn pé "Ah, ¿tienes un perro?", kí ọ̀rọ̀ máa lọ. Ẹni tó bá fi í rẹ́rìn-ín ni kí ẹ bá wí.

Orin rẹgẹtọ́ọ̀nù, orin ijó tí wọ́n ń fi Sípáníìṣì kọ, yára jù, ọ̀rọ̀ inú ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì yẹ létí ọmọdé. Fíìmù Telemundo tí àwọn ìyá ń wò nílé kò lè ràn yín lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ má sì fi ìjà màlúù àti ijó Sípéènì nìkan kún ògiri. Sípáníìṣì ni èdè ìjọba ní Equatorial Guinea, Malabo, ìlú ńlá kan níbẹ̀, kò sì jìnnà sí Kàlàbá lórí omi. Asisat Oshoala, tí wọ́n bí ní Ìkòròdú níbí ní 1994, gbá bọ́ọ̀lù fún Barcelona láti 2019 sí 2024, ó sì wà nínú ikọ̀ tó gba ife Champions League àwọn obìnrin ní 2021 àti 2023. "Nació en Ikorodu. Jugó en el Barcelona." Ẹ fún wọn kà, kí ẹ wo ojú wọn.

Èyí tó kù ni ìdánwò. Ẹni tó fi táàmù kan ṣeré ọjà, tó wá gbé ìwé àtẹ ọ̀rọ̀-ìṣe síwájú ọmọ ní ìparí, ti kọ́ ọmọ pé ìwé ni ẹ̀kọ́, eré kọ́. Ẹ pe wọ́n ní méjì-méjì, kí ẹ kó ẹja àti tòmátò sórí tábìlì, kí ẹ fún wọn ní ìwé pélébé wọn, kí ẹ jókòó, kí ẹ sì pa ẹnu yín mọ́.